Mo Ti Pa Á, Sà

Ẹjọ́ mi ti parí. Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì ti fọwọ́ sí i. Ohun tó kù ni kí gómìnà fi bíírò kan ìwé. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá yìí. Bí a bá gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà ní àsìkò tí kì í ṣe àsìkò oúnjẹ, kálukú wa á ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò, a ó máa wò ó, ta ni wọ́n fẹ́ pè. 

Kí n tó dárúkọ ẹlòmíràn, n ó sọ ibi tí èmi fúnra mi ti ṣẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ èṣù. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ burúkú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní ọ̀kan. Ọkùnrin kan bi mí ní ìbéèrè, mo sì parọ́ fún un. Ó ní, "Ṣé o ti pa á?" Mo ní, "Mo ti pa á, sà." Iná ẹ̀lẹ́tíríkì ló ń wí. N kò pa iná. Òun ni mo pa.

Ọmọ Ìjàgbò ni mí. Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, ìwé mi sì dúró síbẹ̀. Ìyá mi ń gbin ẹ̀gẹ́, ó ń yan gàrí, agbára rẹ̀ kò sì ju kí ó fi mí sẹ́nu iṣẹ́ lọ. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Síkírù ní Ọ̀fà, oníṣẹ́ iná ni, a máa ń tún fáànù àti ẹ̀rọ omi àti jẹnẹrétọ̀ ṣe. Láràárọ̀ ni mo ń gun ọ̀kadà láti ilé, tí a ó kọjá ojú irin, tí n ó sì dé ṣọ́ọ̀bù kí ọ̀gá mi tó dé. Ọ̀gá Síkírù kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bó bá fi etí ti mọ́tò fáànù, á sọ ibi tó ti ń dùn ún. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi eyín bó wáyà nígbà tí ọwọ́ kejì bá dí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ eyín yìí sọ́kàn, torí eyín ló tú mi fó.

Ṣọ́ọ̀bù wa wà lójú ọ̀nà tó lọ sí yunifásítì kékeré kan tí n kò ní dárúkọ, torí kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ máa ń kọjá níwájú wa pẹ̀lú ẹ̀wù funfun lọ́rùn. Mo máa ń wò wọ́n títí wọn á fi wọ géètì.

Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Kúnlé ló kọ́kọ́ yà. Ó gbé àpótí pákó kan dání, ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin ni, pírójẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní kí ó ṣe ní kíláàsì. Ó ní kò gbóná.

Mo ṣí i. Mo rẹ́rìn-ín.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Kúnlé bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ so wáyà tó ń lọ mọ́ wáyà tó ń bọ̀. Ẹ dúpẹ́ pé kò jó yín mọ́lé."

Òun náà rẹ́rìn-ín. Mo tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó rí i pé gílóòbù inú rẹ̀ ń tàn, tí ó sì ń pa ara rẹ̀ nígbà tí ooru bá tó, ó gbá mi léjìká, ó ní, "Enjiníà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ìdẹwò tèmi. Ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀gá mi ń pè mí ní "Ìwọ yìí", ìyá mi ń pè mí ní "Ọkọ mi", ṣùgbọ́n ọmọ yunifásítì wo mi lójú, ó pè mí ní enjiníà. Nígbà tí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, tí wọ́n ní kí n kúkú bá wọn ṣe tiwọn látìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó díẹ̀ wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ni mo ń jẹ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò àwọn pírójẹ́ẹ̀tì náà, mo dọ́gbọ́n wọ inú ọgbà, mo dúró lẹ́yìn fèrèsé wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Lẹ́kíṣọ́rà tẹ swíìṣì ẹ̀rọ mi, ó ṣiṣẹ́, ó ní, "Ó dáa gan-an," ó kọ máàkì sílẹ̀. Kò bi ẹni tó gbé e wá ní ìbéèrè kan. Inú mi dùn, ó sì tún korò. Mo fẹ́ kígbe pé èmi ni. Mo yí padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Báyìí la ṣe ṣe é fún ọdún méjì. Ẹ̀rọ tó ń ké bí omi bá kún táǹkì, iná tó ń tàn fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ń bá wọn kọ ìwé àlàyé rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń yẹ akẹ́kọ̀ọ́ wò, ẹ̀rọ ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ̀rọ mi kò sì kùnà rí.

Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Adéwuyì dé.

Àgbàlagbà ni, ọmọ Ọ̀fà, ìdílé tísà ni wọ́n, ìyàwó rẹ̀ náà ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé. Ó ti ṣiṣẹ́ iná nílé iṣẹ́ ńlá kí ó tó wá máa kọ́ni. Nígbà tí wọ́n gbé ètò àyẹ̀wò lé e lọ́wọ́, ó yí i padà pátápátá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ wá, yóò tan án, á ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéwuyì yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Ó dáa. Tú u."

"Sà?"

"Tú u palẹ̀. Kí o sì tún un tò lójú mi."

Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ á tú wáyà kan níbi tí ojú kò tó, á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá a rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Baba Tú-u. Bí wọ́n bá ráhùn, á ní, "Ọmọ Ọ̀fà ni mí. Ẹni tó bá ní òun mọ ìjàkadì, a kì í wò ó lójú fótò. Kó bọ́ sójú agbo."

Ohun tó ń kọ sínú ìwé rẹ̀ kì í ṣe bóyá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bá jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń retí: "Ṣé a ti pa iná?" Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fọwọ́ kan wáyà kó tó béèrè, Baba Tú-u á ti ìwé rẹ̀, á ní, "O ti kú. Lọ jókòó." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn á jáde, àwọn ẹgbẹ́ wọn á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu géètì pé, "Òkú ń bọ̀, ẹ yà fún òkú."

Kúnlé kú lẹ́ẹ̀mejì. Torí pé ó ti ní ohun mìíràn tó kùnà, ọdún kan gbáko ló ti fi dúró lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ẹ̀rọ rẹ ló kó bá mi," ó ní.

"Ẹ̀rọ mi kọ́. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́."

"Ó ní kí n tú u. Níbo ni mo ti mọ inú rẹ̀?"

"Mo ní kí ẹ jókòó tì mí nígbà tí mò ń ṣe é. Ẹ ní ẹ ń lọ wo bọ́ọ̀lù."

Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún òun, bí òun bá kú lẹ́ẹ̀kẹta wọn á lé òun. Daddy rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Ilémọ̀nà, ó sì ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ òun ti di enjiníà. "Ìwọ ni kí o wọlé lórúkọ mi," Kúnlé wí. "Fi ẹ̀wù funfun mi wọ̀. Fi ìbòmú bo ẹnu, sọ pé ikọ́ ń ṣe ọ́. Èrò pọ̀, kò dá ojú wa mọ̀."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì ni mo ti fi ń dúró lẹ́yìn fèrèsé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá, bí èmi bá dúró níwájú Baba Tú-u, yóò ní mo ti kú ni tàbí yóò ní mo yè. Mo gbà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Baba Tú-u ti ẹ̀rọ tí mo gbé wá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé pátákó iná kan síwájú mi, wáyà rẹ̀ pọ̀ bí irun. Ó ní, "Kò ṣiṣẹ́. Wá ohun tó ṣe é."

Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ti pa iná?"

Ó gbójú sókè. Ó kọ nǹkan sínú ìwé. "A ti pa á. Ṣùgbọ́n má gbà mí gbọ́." Ó yọ tẹ́sítà inú àpò rẹ̀ fún mi, irú èyí tó dà bí súkúdíráfà, tí ó máa ń pọ́n nínú bí iná bá wà. "Ẹnu lè purọ́. Èyí kì í purọ́. Dán an wò."

Mo dán an wò. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbàgbé ibi tí mo wà, mo gbàgbé orúkọ ẹni tí mo ń jẹ́. Nígbà tí mo rí wáyà tó já nínú, mo fa ìbòmú sílẹ̀, mo fi ọwọ́ òsì dì í mú, ọ̀tún mi di èkejì mú, mo fi eyín bó o. Mo so ó. Gílóòbù tàn.

Baba Tú-u kò wo gílóòbù. Ẹnu mi ló ń wò.

"Ta ni ọ̀gá rẹ?" ó bi mí jẹ́jẹ́.

"Kò yé mi, sà."

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í fi eyín bó wáyà nílé-ẹ̀kọ́ yìí. A ní irin tí a fi ń bó o, ó wà níwájú rẹ níbẹ̀ yẹn. Ojú ọ̀nà la ti ń kọ́ ti eyín. Ta ni ọ̀gá rẹ?"

Mo ní, "Ọ̀gá Síkírù, sà."

Kò pariwo. Kò pe ẹ̀ṣọ́. Ó mú mi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀, ó fún mi ní omi tútù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀rọ ẹyin títí dé orí ẹ̀wù funfun. Ó ń gbọ́, ó ń fi bíírò gbá tábìlì. Nígbà tí mo parí, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó yí i sí mi.

"Wò ó. Ìwọ lo gba máàkì tó ga jù láti ìgbà tí mo ti dé síbí. Orúkọ wo ni kí n kọ síwájú rẹ̀?"

Mo tẹjú mọ́ ìwé náà.

"Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́, mo ní."

Mo sọ ọ́. Ó kọ ọ́. Ó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìdánwò máa jókòó, kí n wá sọ bó ṣe rí, kí ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ ohun tí wọ́n ti ń fún ní máàkì látọjọ́ yìí. Lẹ́yìn náà òun á mú mi lọ ṣe ìdánwò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ kí n lè gba ìwé ẹ̀rí, òun á sì wá àyè fún mi ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. "Wọ́n lè bá ọ wí," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi á dúró tì ọ́." Mo fẹ́ dá tẹ́sítà rẹ̀ padà. Ó ní, "Mú un lọ. Ọjọ́ tí o bá ra tìrẹ ni kí o dá a padà." Orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀, ó fi irin gbígbóná kọ ọ́.

Bí mo bá kú sí ojú ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn, ìbá ṣe mí láǹfààní.

Kúnlé ń dúró dè mí lẹ́nu géètì. Nígbà tí mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

"O sì gbà á gbọ́? Ìwọ ọmọ Ìjàgbò. Jíjẹ́ orúkọ olórúkọ lójú ìdánwò, ẹ̀wọ̀n ni. Ọlọ́pàá á dúró níta ìgbìmọ̀ yẹn. Èmi, wọ́n á lé mi, Daddy mi á wá ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn fún mi. Ìwọ ńkọ́? Ta ló máa bá ìyá rẹ ru ẹ̀gẹ́?"

Mo ní, "Ó ní òun á dúró tì mí."

"Lẹ́kíṣọ́rà? Dúró tì ọ́?" Ó tutọ́ sílẹ̀. "Òun nìkan ló mọ̀ pé ìwọ ni. Inú ìwé ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni orúkọ rẹ wà. Bí kò bá lè wá l'Ọ́jọ́bọ̀, kò sí ẹjọ́ kankan."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi gbé ọ̀rọ̀ yẹn kiri. Bí kò bá lè wá. Oúnjẹ kò lọ mọ́. Ìyá mi bi mí pé kí ló dé, mo ní ibà ni. Mo máa ń yọ tẹ́sítà náà wò, n ó tún fi pa mọ́. Ìgbà mìíràn n ó gba Baba Tú-u gbọ́ láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán n ó gba Kúnlé gbọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, Baba Tú-u pè mí lórí fóònù. Ó ní kí n wá ran òun lọ́wọ́, òun fẹ́ tún tábìlì àyẹ̀wò ṣe kí ìgbìmọ̀ tó rí i. Inú rẹ̀ dùn, ó ń kọ orin ìjọ wọn lábẹ́lẹ̀. Tábìlì ńlá ni, iná oníwáyà mẹ́ta, irú èyí tó ń gbé ẹ̀rọ ilé iṣẹ́, ló wọ inú rẹ̀. Gílóòbù pupa tó yẹ kí ó máa fi hàn pé iná wà ti jó, òun gan-an ló fẹ́ pààrọ̀. Swíìṣì rẹ̀ wà níta, lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹni tó wà nídìí tábìlì kò lè rí i.

Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Ó ní, "Lọ bá mi pa á."

Mo jáde. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ jókòó sí òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ọsàn. Mo gbé ọwọ́ lé swíìṣì náà. Irin rẹ̀ gbóná díẹ̀. N kò fà á sílẹ̀. Mo dúró títí ó fi tó àkókò tí ènìyàn fi ń pa iná, mo sì padà wọlé.

Fún ọjọ́ pípẹ́, mo ń sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ kó fara pa ni, kó má lè wá ní ọjọ́ kejì. Irọ́ ni. Ọ̀gá Síkírù kọ́ mi dáadáa. Ẹni tó bá mọ iná oníwáyà mẹ́ta mọ̀ pé kì í dá ènìyàn lápá fún ọjọ́ kan.

Ó bi mí. Mo dá a lóhùn. Ó na ọwọ́.

N kò ní ṣàpèjúwe ohun tí mo rí. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí n bò ó láṣọ nínú ìwé yìí. Nígbà tí mo wá sáré jáde lọ síta géètì, àtẹ̀jíṣẹ́ Kúnlé, ẹni tó mọ̀ pé mo wà lọ́dọ̀ Baba Tú-u, wà lórí fóònù mi: "Báwo ni?" Ọwọ́ mi kò lè tẹ̀wé. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i: "Mo ti pa á."

Kúnlé fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá kí ẹjọ́ tirẹ̀ lè fúyẹ́. Òun náà wà lẹ́wọ̀n báyìí, ṣùgbọ́n ọdún tirẹ̀ níye.

Ní kóòtù, mo ní mo pa iná. Mo ní n kò mọ ẹni tó tún un tan. Nígbà tí wọ́n gbé ohùn mi sétí gbogbo ènìyàn, lọ́yà mi dìde. Ó ní, "Olúwa mi, Yorùbá ni gbogbo wa. Bí a bá pa iná, a ó ní a ti pa á. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń ròyìn."

Àwọn ènìyàn mi orí. Fún ìṣẹ́jú kan mo rò pé n ó yè.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Swíìṣì yẹn, títàn ni wọ́n bá a. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ kò rí ẹlòmíràn. Bó bá ṣe iná ni ọmọ yìí pa, kí ló pa Adéwuyì? Bí kò bá sì pa iná, kí ló ní òun ti pa?"

Lọ́yà mi jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá ka ìwé yìí, wádà kan tó mọ̀wé ló ń bá mi tún un kọ, kí ẹ lè kà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní yunifásítì, bí wọ́n bá ní kí ẹ tú u, ẹ tú u. Bí ẹ kò bá lè tò ó padà, ẹ sọ pé ẹ kò lè tò ó padà. Ojú á tì yín fún ọjọ́ kan, ẹni tó bá sì ti kú lójú ìdánwò lè padà wá ní ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ bíi tèmi, tí ọwọ́ yín mọ ohun tí ẹnu yín kò lè pè ní gẹ̀ẹ́sì, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yín sábẹ́ orúkọ ẹlòmíràn nítorí pé ó pè yín ní enjiníà. Bí ẹni kan bá wá rí yín, tó béèrè orúkọ tí ìyá yín sọ yín, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Èmi bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá mi kò lè jáde ní Ìjàgbò mọ́.

Ó ku gbèsè kan, kì í sì í ṣe ti owó. Ìyàwó Baba Tú-u ni mo jẹ ní gbèsè.

Lọ́jọ́ kan ní kóòtù, kí wọ́n tó mú mi wọ ọkọ̀, Mọ́mì, ìyàwó rẹ̀, sún mọ́ mi. Kò bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ọdún mélòó ni mo fi bá ọkùnrin yẹn gbé, kì í fọwọ́ kan wáyà láìbéèrè, kì í fọwọ́ kàn án láìdán an wò. Kí ló ṣe é lọ́jọ́ yẹn?" Mo ní, "Kò béèrè, mà. Kò dán an wò." Ohun kan náà ni mo sọ níwájú adájọ́. Láti ìgbà náà, mo gbọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu géètì, pé Baba Tú-u fẹ́ẹ̀lì ìdánwò ara rẹ̀. Mọ́mì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ilé-ìwé rẹ̀.

Mọ́mì, bó ṣe rí nìyí. Nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé ọwọ́ sí àpò, ó ń wá tẹ́sítà rẹ̀. Ó rántí. Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ rẹ, àbí?" Mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sílé. Ó wà lápò mi, mà. Ó kan itan mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ṣé o ti pa á?" Mo ní mo ti pa á. Ó tún ní, "Ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ nìkan lo bi mí ní ìbéèrè yẹn kí o tó fọwọ́ kan nǹkan. Bí ìwọ bá ní o ti pa á, ó ti kú." Síbẹ̀, kí ó tó na ọwọ́, ó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

Tẹ́sítà náà wà ní Ìjàgbò, lókè àjà búkà tí ìyá mi ti ń yan gàrí, nínú agolo mílíìkì. Èmi ni mo fi pa mọ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó wá mú mi. Ìyá mi kò mọ̀. Orúkọ ọkọ yín ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán ènìyàn lọ mú un.

Ó béèrè, mà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè.